Kì í ṣe òrùka ìgbéyàwó ni òfin ń wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tí kò fẹ́ ìyá ọmọ sílé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ẹ ti sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Àṣẹ òbí lábẹ́ òfin, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ṣe ìpinnu fún ọmọ, ni dókítà ń béèrè. Bàbá tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbí ọmọ ní England tàbí Wales, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ti ní àṣẹ yẹn bíi ti ìyá gan-an. Ó lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín ṣá: tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, jíjẹ́ bàbá nìkan kò tó, kódà kí ọmọ jọ ọ́ bí ìmumu. Ó lè rí àṣẹ náà gbà tí òun àti ìyá bá jọ buwọ́ lu ìwé àdéhùn lórí rẹ̀, tàbí kó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìbuwọ́lù òbí kan máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkọlà ọmọkùnrin tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn, tí òbí méjèèjì bá ní àṣẹ yìí, ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Ti pàjáwìrì ńkọ́? Dókítà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó gba ẹ̀mí ọmọ là.