Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà: Ẹjọ́ Desdemona

Nínú òwe yìí, àwọn àgbà kò fi òpùrọ́ joyè àgbà òṣìkà. Ẹni tó jókòó gbọ́ irọ́ náà, tó sì dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, òun ni wọ́n wé láwàní náà fún. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá àwọn tó ń di gbogbo ẹrù ìkà inú eré Othello ru Iago lọ. Nínú eré náà, Iago parọ́ fún Othello, ọ̀gágun rẹ̀, pé Desdemona ìyàwó rẹ̀ ń bá Cassio, ọmọ ogun kan, yan àlè, Othello sì pa ìyàwó náà. Láti ọdún 1604 tí wọ́n ti ṣe eré Shakespeare yìí níwájú Ọba James ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Iago ti ń jẹ èébú.

Aṣenibánidárò ni Iago lóòótọ́. Ó ń bínú pé Othello fi Cassio ṣe igbákejì dípò òun. Ó tún ní àwọn kan ń sọ pé Othello bá Emilia, ìyàwó òun, lò pọ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀, irú rẹ̀ ò wọ́n láyé. Irọ́ nìkan kò pa Desdemona. Adájọ́ ló pa á.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Othello mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́jọ́. Ní Venice, Brabantio, bàbá Desdemona, fẹ̀sùn kàn án lóru níwájú ìgbìmọ̀ ìlú pé oògùn ló fi mú ọmọ òun. Ẹni ńlá ni Brabantio, àjèjì aláwọ̀ dúdú ni Othello. Síbẹ̀, wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Desdemona. Obìnrin náà dé, ó sọ̀rọ̀, ẹjọ́ sì tán. Ẹnu rẹ̀ ló gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Kípírù, tí ẹjọ́ wá kan obìnrin kan náà ńkọ́? Othello ní òun fẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí, ó sì gba ọ̀rọ̀ Iago pé òun rí áńkáṣíìfù Desdemona lọ́wọ́ Cassio. Ó fara pamọ́ wo Cassio bó ṣe ń fi obìnrin mìíràn rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyàwó òun ni. Ó bi Emilia léèrè, òótọ́ ni. Emilia, tó ń ṣe ìránṣẹ́ Desdemona, fi ọkàn rẹ̀ dúró fún ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Othello ti ní kí wọ́n pa Cassio kó tó béèrè. Ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya wá bá, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà, ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra gidi. Èèyàn lè pe ẹnì kejì, kó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó yẹ, kó sì jẹ́ pé ó ti dájọ́ tán nínú ikùn rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá náà nìyẹn.

Lórí ibùsùn, Desdemona bẹ̀ ẹ́ pé kó ránṣẹ́ pe Cassio, kó bi í bóyá òun fún un ní áńkáṣíìfù. Othello ní ẹnu Cassio ti pa dé. Desdemona ní kó fún òun di ọ̀la, kó tiẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ wákàtí. Othello kọ̀. Bẹ́ẹ̀ Cassio ò kú, wọ́n kàn ṣe é léṣe ni. Lẹ́yìn tí ọwọ́ ti bọ́, Emilia gbọ́ pé áńkáṣíìfù náà ni Othello gbà bí ẹ̀rí. Ó ní òun lòun rí i he nílẹ̀, òun lòun sì gbé e fún Iago, tó ti ń bẹ òun tipẹ́ pé kí òun jí i.