Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ jápa lọ sí Alberta, ẹ ka èyí kí ẹ tó ṣèlérí Kérésìmesì fún ẹbí

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń bọ̀ ní Canada ló máa ń fi ọkàn balẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n wa wà níbẹ̀, kò séwu." Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ Edmonton ni ẹ̀gbọ́n ń gbé, Calgary ni ẹ̀yin rí iṣẹ́ sí, nǹkan bíi 300 kìlómítà ló sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Èkó sí Ìlọrin nìyẹn. Lóṣù Keje, wákàtí mẹ́ta péré ni lórí Highway 2, ọ̀nà tó gbòòrò tó sì tẹ́jú. Lóṣù Kejìlá, tí ọmọ olóṣù mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀nà yẹn kan náà lè gba wákàtí mẹ́fà, ó sì lè má ṣeé gbà rárá lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ èyí ló máa ń sọ lórí fóònù nínú oṣù Kẹwàá pé, "Ẹ máa retí wa lọ́jọ́ Kérésìmesì."

Ẹ má fọkàn sí rélùwéè. Láti 1985 ni ọkọ̀ ojú irin kò ti kó èrò mọ́ láàárín Calgary àti Edmonton. Greyhound tí àwọn tó ti pẹ́ níbí ṣì máa ń dárúkọ, ó kógbá sílé ní ìwọ̀-oòrùn Canada lóṣù Kẹwàá 2018. Bọ́ọ̀sì Red Arrow àti Ebus ṣì ń ná ọ̀nà náà, tí ẹ bá sì bi mí, bọ́ọ̀sì ni kí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Awakọ̀ tó ti mọ yìnyín dunjú ló ń wà á. Ẹ kàn rántí pé ẹ̀gbọ́n tó máa wá gbé yín ní ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ ní car seat, ìjókòó ọmọdé tó ní bẹ́líìtì tirẹ̀, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé tiyín dání. Kò sí pé ẹ óò gbé ọmọ lé itan "torí pé ilé ò jìnnà."

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ wakọ̀, láísẹ́ńsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ ní Alberta fún 90 ọjọ́ péré lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé ibẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ńsì láìṣe ìdánwò, nítorí náà ìdánwò orí ìwé àti ti ojú ọ̀nà ń dúró dè yín. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹni tó dé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì gan-an ni 90 ọjọ́ rẹ̀ ń pé. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Ẹ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ FRSC kí ẹ tó kúrò nílé, pé láísẹ́ńsì yín jẹ́ ojúlówó àti iye ọdún tí ẹ ti ń wakọ̀. Bíbéèrè rẹ̀ láti òkè òkun le ju kí ẹ gbà á nígbà tí ẹ wà nílé lọ.

Táyà ńkọ́? Òfin Alberta kò fi dandan lé táyà ìgbà òtútù. Québec fi dandan lé e láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, British Columbia náà ń béèrè rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà wọn. Torí pé Alberta kò pa á láṣẹ, ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún yín lè má dárúkọ rẹ̀ rárá. Táyà tí wọ́n kọ "all season" sí lára, rọ́bà rẹ̀ máa ń gan tí ìta bá ti tutù ju 7 dígírì lọ, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n ya òkè olórí mẹ́ta sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àmì yìnyín kan wà nínú òkè náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣọ́wó ná, tó fi méjì síwájú nìkan, iwájú á di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn á yọ̀, ọkọ̀ á sì yí po ní kọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ háyà ọkọ̀, ẹ béèrè táyà òtútù nígbà tí ẹ ń bukú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, torí púpọ̀ nínú ọkọ̀ àháyà ni kò ní in. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà máa ń lọ sílẹ̀ ní bíi psi 1 fún gbogbo dígírì 5 tàbí 6 tí òtútù bá fi pọ̀ sí i. Táyà tí ẹ wọn ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ìta wà ní 10 lókè òdo, ó ti dín ní bíi psi 7 tó bá di −30. Ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò.

Bí ẹ bá rí orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń rọ̀ jolojolo láti ẹnu iwájú ọkọ̀, ọkọ̀ náà ò bàjẹ́. Wọ́n ń pè é ní block heater. Iná ilé ni wọ́n ń kì í bọ̀ kí ara ẹ́ńjìnnì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó ṣíná sí i. Tó bá ti tutù dé −15 sí −20, ẹ so ó mọ́ iná ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó gbéra. Wáyà extension tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ lò, èyí tí a ń fi gbé iná ka yàrá máa ń gan nínú òtútù, ara rẹ̀ á sì bẹ́. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ kí ẹ tó wa ọkọ̀ kúrò. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti Vancouver tàbí láti Amẹ́ríkà lè má ní in, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Bátìrì tó ti ń ráhùn lóṣù Kẹwàá, kò ní jí ní −30. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù Kọkànlá tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ gan-an nìyí, kí ẹ jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ má gbé car seat wá láti Nàìjíríà, láti London tàbí láti Amẹ́ríkà. Èyí tí òfin gbà ní Canada gbọ́dọ̀ ní àmì National Safety Mark lára, àyíká kékeré kan tó ní ewé maple nínú àti nọ́ńbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, tí kò sì wúwo ju 18 kg lọ, òfin Alberta ní inú car seat ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ má gba tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ ń tán, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ike rẹ̀, èyí tó bá sì ti wà nínú ọkọ̀ tó ní jàǹbá rí ti bàjẹ́ bí kò tilẹ̀ sán lójú.

Èyí tí àwa Yorùbá ń ṣì ṣe jù ni jákẹ́ẹ̀tì. Ìta tutù, ìyá ọmọ á wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún ọmọ, á gbé e sínú car seat, á de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ọkàn á sì balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún inú jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, afẹ́fẹ́ náà á fún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ á sì fò yọ. Ẹ dán an wò nílé: ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, ẹ de bẹ́líìtì kó fún dáadáa, ẹ tú u láì dẹ ẹ́, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ wá tún ọmọ dè níbi tí bẹ́líìtì wà tẹ́lẹ̀. Ẹ óò rí i pé ọwọ́ yín odidi lè wọ àárín rẹ̀. Àlàfo tó wà níbẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ti dè é.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ mú kí ọkọ̀ móoru ṣáájú, níta, kì í ṣe inú gáréèjì tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, torí carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín ọkọ̀, kò ní òórùn tí ẹ lè fi mọ̀ pé ó ti ń pani. Ẹ wọ aṣọ tó fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ọmọ, kí ọ̀kan jẹ́ onírun àgùntàn tàbí fleece. Ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọn títí tí ìka yín ò fi ní lè ká a pọ̀ ní èjìká, kí ìdè àyà wà ní ọ̀gangan abíyá. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, tàbí kí ẹ gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lé e láti iwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ wọ apá rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gbóná, ẹ ká a kúrò. Ọmọ tó ń làágùn nínú ọkọ̀ á gbọ̀n tí ẹ bá gbé e jáde. Bí wákàtí méjì bá ti pé, ẹ dúró, ẹ gbé ọmọ ọwọ́ kúrò nínú ìjókòó náà kó nara; Red Deer wà ní ìdajì ọ̀nà, ilé oúnjẹ àti ilé epo pọ̀ níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ọjọ́ ti kúrú. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn Edmonton ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́. Calgary tilẹ̀ tún ní atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní Chinook, tó ń mú ìlú móoru láàárín wákàtí díẹ̀. Àlejò á bọ́ síta lọ́sàn-án, á rí i pé yìnyín ti yọ́, á ní ọ̀nà ti dára. Omi yẹn kan náà á dì lóru, á di black ice, tó jẹ́ pé ojú ọ̀dà lásán ni ẹ óò máa rò pé ẹ ń rí. Orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ dì. Ẹ má lo cruise control, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré níwọ̀n kan náà láìjẹ́ pé ẹ tẹ epo. Tí ọkọ̀ bá ń yọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ yí sítíárìn sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ kọjú sí. Bí bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há, bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tún máa tú u sílẹ̀. Níbi tí ọlọ́pàá, ọkọ̀ aláìsàn tàbí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ bá dúró sí tí iná wọn ń tàn, 60 kìlómítà ni kí ẹ má kọjá, bí pátákó tilẹ̀ kọ 110.

Ẹ má jẹ́ kí epo dín sí ìdajì táńkì. Omi ìfọ-gíláàsì tó wà fún −40 ni kí ẹ rà. Ti ìgbà ooru á dì sórí gíláàsì, ẹ ò sì ní rí iwájú mọ́. Nínú búùtù: ṣọ́bìrì kékeré, wáyà tí a fi ń gba iná bátìrì, tọ́ọ̀ṣì. Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe búùtù: bùláńkẹ́ẹ̀tì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fíláàsì omi gbígbóná, mílíìkì àti pampers tó máa tó ọmọ fún odidi ọjọ́ kan, oúnjẹ tí kò ní dì.

Bí yìnyín bá há yín mọ́nà, ẹ má jáde wá ìrànlọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ wà, kí ẹ pe 911. Bàbá á jáde lọ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín, á padà wọlé, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, inú ọkọ̀ ni èéfín á gbà. Ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kan tó láti mú ọkọ̀ móoru, kí ẹ sì la gíláàsì kan díẹ̀ ní ìhà tí atẹ́gùn kò ti wá.

Ara ọmọ ńkọ́? Tí òtútù pẹ̀lú atẹ́gùn bá dé −28, awọ tí kò sí lábẹ́ aṣọ lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Tó bá dé −40, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni. Ìwé ìkìlọ̀ máa ń ní kí ẹ wò ó bóyá awọ pọ́n tàbí ó funfun. Lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń rí bí eérú, ó máa ń le, ọmọ náà á sì ní òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí imú àti ìka ni kí ẹ máa wò. Ẹ má fi Àbọ́níkí tàbí Robb ra á, ẹ má fọwọ́ ra á rárá, ẹ má fi omi gbígbóná sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá tètè padà sípò. Ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ kò gbọ́dọ̀ pọn ọmọ jáde sórí yìnyín. Tó bá yọ̀, ẹ̀yìn ló máa fi balẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹbí fúnra rẹ̀, òun ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́nà lọ́jọ́ tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n ti se oúnjẹ, ó ti sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì pé àbúrò òun ń bọ̀. Ẹ̀rù ń ba àbúrò pé wọ́n á ní òun gbéra ga. Láti oṣù Kọkànlá ni kí ẹ ti sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ bí ọ̀nà bá dára. Bí wọ́n bá ní ká má rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, a ó wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti ń gbé níbí tipẹ́, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín pé kó jókòó. Ẹ má bi í pé, "Ṣé òtútù lásán lẹ ń sá fún?"

Lọ́jọ́ náà, láago méje àárọ̀, ẹ wo 511 Alberta, ibi tí ìjọba ti ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí, lórí fóònù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ Environment Canada fún Calgary, Red Deer àti Edmonton. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ wò, torí Calgary lè móoru kí Edmonton wà ní −30. Tó bá dára, ẹ gbéra tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, bí aago mẹ́sàn-án. Ní Red Deer, ẹ tún 511 wò, kí ẹ pe ẹ̀gbọ́n pé ibẹ̀ lẹ dé. Bí ọ̀nà iwájú bá ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ sùn. Kí owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan ti wà nínú owó ìrìn-àjò láti ilé, gẹ́gẹ́ bí owó epo.