Ẹ Fi Ìlà Funfun Síbírà Sílẹ̀ fún Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà tí wọ́n ń dán síbírà, ìyẹn ibi onílà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá títì, wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ojúko, búlúù àti yẹ́lò wà lára àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún. Nígbà tó fi máa di 1951 tí síbírà wọnú òfin, dúdú àti funfun ló borí. Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ ìrìnnà ìgbà náà kórìíra àwọ̀. Funfun lórí dúdú ni ojú awakọ̀ ń tètè rí láti òkèèrè, lóru àti nínú òjò. Ìdí yẹn ò tíì yí padà, ó sì yẹ kí ìlú tó bá fẹ́ pe ayàwòrán wá fi àwòrán aláràbarà ṣe síbírà àti ojú títì lọ́ṣọ̀ọ́ rántí rẹ̀ kó tó ra ọ̀dà.

Ohun tí à ń sọ ò le. Kí àwòrán wà ní igun títì, kó wà láàárín ìkóríta, kó wà lórí pèpéle tí ẹlẹ́sẹ̀ ń dúró sí kó tó sọdá. Ìlà funfun síbírà ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

A mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìwádìí tí àjọ aláàánú Bloomberg Philanthropies àti Sam Schwartz, iléeṣẹ́ onímọ̀ ìrìnnà, gbé jáde ní 2022 wo ojúko 17 ní Amẹ́ríkà kí àwòrán tó débẹ̀ àti lẹ́yìn tó débẹ̀. Jàǹbá tó kan ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn mìíràn tí mọ́tò lè tètè pa lára fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ẹ̀rí gidi ni, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í mọ sórí síbírà nìkan. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà àti òpó kéékèèké gba àyè kún igun títì, kí mọ́tò tó ń yà lè dẹwọ́ eré, kí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa rìn lójú títì sì kúrú. Ẹni tó bá kun àárín ìlà síbírà lásán, tí kò fọwọ́ kan igun títì, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ìṣirò yẹn ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹni tí ojú ń dùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń pè ní afọ́jú ṣì ń rí ìwọ̀nba. Irú wọn á dúró létí títì, á fi ọ̀pá wá ibi tí pèpéle gbé dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, á sì fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún un wá funfun lórí dúdú, kó lè mọ̀ pé òun ò yà bàrá sáàárín mọ́tò. Bí ó bá bá òdòdó, labalábá àti àwọ̀ mẹ́fà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà lè rí àwọ̀ tó ṣú bí ihò, kó dúró gbagidi sáàárín títì. Ní 2021, lẹ́yìn tí àwọn aláàbọ̀ ara fẹ̀hónú hàn sí olórí ìlú London, àjọ TfL, tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, dá kíkun síbírà aláràbarà tuntun dúró fúngbà díẹ̀ lójú títì tirẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti bi àwọn aláàbọ̀ ara kí ọ̀dà tó délẹ̀ ni.

Ti àwòrán atannijẹ, èyí tó dà bí òkúta tó léfòó lójú títì, a ò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Awakọ̀ tó kọ́kọ́ rí i á tẹ bíréèkì lójijì, tẹ̀yìn á sì wọlé sí i. Tó bá rí i nígbà kẹwàá, kò ní kà á sí mọ́.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ìlú síyọnu. Ojú kólútà ní háráhárá tó ń di táyà àti bàtà mú. Ọ̀dà ilé á dí háráhárá yẹn pa, ojú ibẹ̀ á wá máa dán. Òjò kan péré, ọlọ́kàdà tó ń yà níbẹ̀ á ṣubú. Yanrìn líle tí wọ́n lọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn dà á sínú garawa, yóò sùn sísàlẹ̀, kìkì ọ̀dà ló máa délẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sórí ìkùn àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù, kí ìkùn kejì wá dì í mú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ pẹ́ńdúlọ̀ọ̀mù wá, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ rọ́bà gbá ojú títì, kí wọ́n da omi síbẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà bá fi hàn ṣe pọ̀ tó ni ojú títì ṣe ń di táyà àti bàtà mú tó, òṣùwọ̀n Yúróòpù fún ìlà ojú títì sì bẹ̀rẹ̀ láti 45. Kí wọ́n má gba iṣẹ́ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe.

Kólútà tuntun gbọ́dọ̀ gbó tó oṣù kan kí ọ̀dà tó kàn án, torí òróró inú rẹ̀ máa ń tì í kúrò. Ibi tí epo mọ́tò ti kán sí, ọṣẹ ló ń wẹ̀ ẹ́. Ìgbálẹ̀ ò ràn án. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, torí omi tó bá há sábẹ́ ọ̀dà ló ń bó o bí èèpo. Ojúko tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 4, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40. Lórí kólútà háráhárá, lítà kan ò sábà kun ju mítà onígun mẹ́rin márùn-ún lọ, nítorí náà ìkùn méjì á gba lítà 16, kí a má tíì ka èyí tó máa ṣòfò.

Síbẹ̀, ipa táyà ló máa kọ́kọ́ ṣí, pàápàá níbi tí mọ́tò ti ń yà. Ìlà funfun tí wọ́n fi ọ̀dà oníke yíyọ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń gbóná tó 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí wọ́n sì wọ́n wóró gíláàsì sí kó lè máa dá iná mọ́tò padà, á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwòrán ti di àlòkù. Ìyẹn gan-an ló mú ká sọ pé kí méjèèjì má pàdé.

A ò sì bá ẹni tó ń fi òru pa àwòrán rẹ́ ṣe. Ohun tí iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ Florida ṣe ní Orlando nìyẹn ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tí wọ́n kun síbírà ìrántí àwọn 49 tí wọ́n pa ní ilé ijó alaalẹ́ Pulse padà sí dúdú àti funfun. Ìlú tó bá fẹ́ yọ àwòrán kúrò lórí síbírà, kó pe àwọn tó ni ín, kó fi igun títì hàn wọ́n, kó sì san owó ọ̀dà.

Kí ìgbìmọ̀ ìlú tó fọwọ́ sí àwòrán kankan, kí owó àtúnkùn ọdún mẹ́ta ti wà nílẹ̀, kí orúkọ ẹni tó máa bójú tó o sì wà nínú ìwé. Bí owó náà kò bá kárí, kí wọ́n kọ́kọ́ kun ìlà funfun tó ti parẹ́ níwájú ilé ẹ̀kọ́.