Carver kọ́ ló ṣe bọ́tà ẹ̀pà

Bí oṣù kejì bá ti wọlé, tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tí kì í pẹ́ dé orí WhatsApp ẹbí wa. Gbogbo ohun tí ènìyàn dúdú ṣe láyé ló wà níbẹ̀, láti òkè délẹ̀, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Àǹtí wa tó wà n'Íbàdàn ló fi tọdún yìí ránṣẹ́. Ìlà kẹta ní: George Washington Carver, ọmọ ẹrú, ló dá bọ́tà ẹ̀pà sílẹ̀. Kí n tó jí, àwọn ẹbí ti ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Lọ́dún 1884, ará Kánádà kan, Marcellus Gilmore Edson, gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) ní Amẹ́ríkà lórí bí èèyàn ṣe lè lọ ẹ̀pà yíyan títí yóò fi kúnná, tí yóò ki bíi bọ́tà. Lọ́dún 1895, Dókítà John Harvey Kellogg ti Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, náà béèrè fún tirẹ̀. Carver ńkọ́? Ọdún 1896 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè másítà, tó sì dé Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama láti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ó tún pẹ́ kó tó kọjú sí ẹ̀pà. Ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀pà ti ṣẹ̀, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kí òyìnbó kankan tó tẹ ilẹ̀ wọn.

Ohun tó ṣe ni pé lọ́dún 1916 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn àgbẹ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀pà àti ọ̀nà 105 tí èèyàn lè gbà sè é jẹ. Kò sì jalè. Ó dárúkọ àwọn tó ti rí àwọn ọ̀nà náà kó jọ lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ẹ̀tọ́ mẹ́ta péré ló gbà láyé rẹ̀, láàárín 1925 sí 1927: ọ̀kan lórí ìpara, méjì lórí ọ̀dà. Lọ́dún 1921, ó lọ gbẹnu sọ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀pà níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ní Washington. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oríṣiríṣi nǹkan tó fi ẹ̀pà ṣe jáde nínú àpótí, wọ́n ní kó máa bá a lọ títí tó bá fẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn gbé e, bí orúkọ rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀pà nìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé oríkì olóríkì ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Alabama nígbà náà ti gbó. Òwú, òwú, òwú lọ́dọọdún, ó ti fa ọ̀rá ilẹ̀ mu tán, àwọn tó ń kojú rẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀ dúdú tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń jẹ gbèsè. Carver ní kí wọ́n máa yí irè oko padà: bí òwú bá jẹ tọdún yìí, kí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà jẹ tọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí oko ẹ̀pà kó rọra fa ẹyọ kan tu. Ẹ wo ara gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí kókó kéékèèké róbótó-róbótó. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ á pọ́n. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló wà níbẹ̀ tó ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tó ń sọ ọ́ di oúnjẹ ilẹ̀. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, fún ẹni tí kò lè ra àpò kan! Ìgbà tí ẹ̀pà wá pọ̀ tí kò rí olùrà ni ọ̀rọ̀ sísè di dandan.

Àgbẹ̀ tí kò lè wá sí Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ tọ̀ ọ́ lọ: lọ́dún 1906, wọ́n kó irinṣẹ́ àti irúgbìn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, wọ́n ń gbé e ti oko dé oko. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kansas ti gbà wọlé nínú lẹ́tà, tí wọ́n lé padà nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, Carver yìí kan náà, ló wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn. Àwọn Potogí ló gbé e láti Gúúsù Amẹ́ríkà wá sí Áfíríkà, ọkọ̀ ẹrú sì gbé e kọjá sí Àríwá Amẹ́ríkà. Títí dòní, àwọn ará gúúsù níbẹ̀ ṣì ń pè é ní "goober", láti ara "nguba" tí àwọn ará Kóńgò ń pè é.

Mo kọ gbogbo èyí sórí WhatsApp ẹbí. Bọ̀dá wa kan bi mí bóyá òyìnbó ló ń sanwó oṣù fún mi. Mo ní ẹni tó bá kórìíra wa, ìlà kẹta yẹn nìkan ló ń wá. Ibẹ̀ ni yóò tọ́ka sí tí yóò fi da òótọ́ ogójì ìlà tó kù nù. Wọn ò fèsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àǹtí wa tó kọ tiwọn:

"Ó dáa. Ta ló wá kọ́kọ́ ṣe kúlíkúlí?"

Mi ò tíì dá wọn lóhùn.