Ẹ Má Lé Rohr, Ṣùgbọ́n Ẹ Bi Í Léèrè Ọ̀rọ̀ Uyo

Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Nàìjíríà na àwọn Guépards, ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, ní 4-0 ní Uyo nínú ìdíje tó kẹ́yìn fún àtiwọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, kò sí ibi tí èèyàn dé ní Kétu yìí tí kò ní bá àríyànjiyàn lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Gernot Rohr. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e kí a tó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mòrókò. Àwọn mìíràn ní kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. N kò bá àwọn ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì lè dúró ti àwọn ti ìkejì. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó jẹ wá ní ìdáhùn rẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹnu mọ́ ọn tó bí ó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí a wà kí ìyà yìí tó jẹ wá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú Uyo, Tosin Aiyegun gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Rùwáńdà ní Kigali, a borí ní 1-0, a sì dé òkè tábìlì pẹ̀lú àmì 17, nígbà tí Gúúsù Áfíríkà ní 15, tí Nàìjíríà sì ní 14. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí ni ó jókòó sí òkè ìpín náà, tí ó ku ìdíje kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá fi máa ṣú, Gúúsù Áfíríkà ti ní 18, Nàìjíríà àti àwa ní 17 kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ góòlù ti Nàìjíríà jẹ́ 7, tiwa jẹ́ 1. A sọ̀ kalẹ̀ láti ipò kìíní sí ipò kẹta nínú alẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ní kí a má banú jẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ikọ̀ yìí tó wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lọ ni pé ì bá dára kí Rohr ti ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ kí ó sì wá ọ̀mì lọ sí ilé. N kò gbà á, nítorí ìṣirò kò jẹ́ kí n gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, Gúúsù Áfíríkà na Rùwáńdà ní 3-0 ní Mbombela. Ká ní a ta ọ̀mì ní Uyo, àwa àti wọn ì bá jọ ní 18, ìyàtọ̀ góòlù tiwọn ì bá jẹ́ 6, tiwa ì bá jẹ́ 5, àwọn náà ni ì bá sì gba ipò kìíní lọ. Pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mbombela, bí a kò bá borí Nàìjíríà, ipò kìíní kò lè jẹ́ tiwa mọ́.

Ibi tí a ti pàdánù ipò náà gan-an, ó ti pẹ́ tí a ti kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, a ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Lẹ̀sótò. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, a ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Sìmbábúwè, ikọ̀ tí ó padà parí sí ìsàlẹ̀ tábìlì. Lẹ̀sótò yìí kan náà ni a na ní 4-0 nígbà tí a tún pàdé wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ká ní a rí góòlù kan péré lọ́dún 2023, à bá ní àmì 19, Gúúsù Áfíríkà kò sì ní lé wa bá, bí Nàìjíríà tilẹ̀ fi 4-0 nà wá. Rohr ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà méjèèjì, nítorí náà n kò sọ èyí láti bò ó láṣìírí. Mo sọ ọ́ kí àwọn tí ń fi gbogbo ìbínú wọn sórí alẹ́ kan lè mọ̀ pé iye àmì tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ikọ̀ kékeré ló sọ Uyo di ọ̀ràn ikú tàbí ìyè.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Abidjan, tí ó máa ń dùn mí wọ egungun. Pápá ìṣeré wa ní Kútọnu kò gba àṣẹ láti gbàlejò irú ìdíje yìí, nítorí náà Abidjan, ilẹ̀ onílẹ̀, ni a ti gbá ìdíje tí wọ́n ń pè ní ti ilé wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọrin fún àwọn ọmọ wa láti Kétu ní láti la Tógò já, kí ó la Gánà já, kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní ilé. Níbẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà ti nà wá ní 2-0 ní oṣù kẹta ọdún 2025. N kò rí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tí ó lè tún ìyẹn ṣe, àwọn tí ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré wà lọ́wọ́ wọn ni kí a bi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń bí mi nínú, òun ni ti àwọn tí ń sọ pé nítorí pé Rohr ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà láti ọdún 2016 títí di ọdún 2021, ọkàn rẹ̀ kò lè wà lọ́dọ̀ wa tọkàntọkàn. Ọkùnrin yìí kan náà ló darí wa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2024, tí Jodel Dossou àti Steve Mounié fi gbá góòlù tí a fi borí Nàìjíríà ní 2-1. Òun náà ló mú wa padà sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí a kò tíì fojú kàn láti ọdún 2019. Àti pé, ta ni nínú àwa ará Kétu ni ó yẹ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Àwa tí a ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní Ìmẹ̀kọ àti ní Ìlárá, tí ààlà kan ṣoṣo là wá láàárín, ṣé ẹnikẹ́ni ń bi wá ibi tí ọkàn wa wà nígbà tí a bá wọ aṣọ Bẹ̀nẹ̀? Èkó ni wọ́n bí Tosin Aiyegun sí, òun ló sì fún wa ní góòlù Kigali. Kí á fi irú ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ní fún Rohr rèé: kí ló dé tí kò tíì rí ojútùú sí Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú Nàìjíríà?

Ẹ wo ìdíje mẹ́rin tí a bá Nàìjíríà gbá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí a borí, ti oṣù kẹfà ọdún 2024, Osimhen kò sí níbẹ̀, ó farapa. Nínú mẹ́ta yòókù, ó gbá góòlù nínú gbogbo wọn. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní Uyo yìí kan náà, wọ́n nà wá ní 3-0, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Abidjan, Mohamed Tijani gbá góòlù wọlé fún wa, Osimhen ló dá a padà tí ó fi di 1-1. Ní báyìí ó tún gbá mẹ́ta. Góòlù márùn-ún nínú ìdíje mẹ́ta, láti ẹsẹ̀ àti orí ọkùnrin kan. Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ Rohr ni Osimhen ti kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles lọ́dún 2017. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan bá wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó mọ bí ọmọ náà ṣe ń rìn láàárín àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí ó mọ bí ó ṣe ń fò, Rohr ni. Ẹni tí ó bá ti mọ ihò tí ejò wà, kò yẹ kí ó tún tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ihò náà.

Bí àwọn góòlù náà ṣe wọlé ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Góòlù kìíní wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, nígbà tí Samuel Chukwueze ti bọ́ọ̀lù sí i níwájú. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ikọ̀ èyíkéyìí. Ti ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì ni èmi kò lè gbójú fò: Chukwueze kan náà ni wọ́n jẹ́ kí ó gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, Osimhen sì fi orí kàn án wọlé. Lẹ́yìn náà a lọ sinmi. Rohr ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti sọ fún àwọn ọmọ náà pé bí bọ́ọ̀lù kò bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, orí Osimhen kò ní ríṣẹ́ ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lẹ́yìn ìsinmi, Moses Simon gbé tirẹ̀ wá, orí kan náà ló tún kàn án. Góòlù kẹrin, tí Frank Onyeka gbá nígbà tí ìdíje ń parí lọ, kò yí ohunkóhun padà.

Kí ló dé tí n kò fi ní kí wọ́n lé e nígbà náà? Nítorí pé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2025 a máa pàdé Kóńgò ti Kinshasa ní Mòrókò, lẹ́yìn náà Bòtìsúwánà, lẹ́yìn náà Sẹ̀nẹ̀gà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kò ní rí ju oṣù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti mọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Lọ́dún 2019, nígbà tí Michel Dussuyer wà níbẹ̀, a dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn láìborí nínú ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún kankan. Ẹ̀yìn wa tí ó le ni ó gbé wa débẹ̀, títí a fi lé Mòrókò jáde pẹ̀lú pẹnáritì. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025, a kò tíì borí ìdíje kan láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Bòtìsúwánà ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, mo sì gbàgbọ́ pé Rohr lè ṣe é.

Ohun tí mo ń bẹ àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù wa ni pé kí wọ́n pe Rohr jókòó kí ó tó kó orúkọ àwọn tó máa lọ jáde, kí wọ́n fi àwòrán ìdíje Uyo méjèèjì síwájú rẹ̀, kí ó sì sọ fún wọn, lẹ́yìn náà kí ó sọ fún àwa náà, ohun tí ó fẹ́ yí padà ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Sẹ̀nẹ̀gà ní Ismaïla Sarr, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ọ̀pọ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò sì gbà wá bá wa. Mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò dúró dè é.