Iṣẹ́ Òpìtàn Kì Í Ṣe Ohun Àtìmọ́ Àpótí

Ilé-ẹjọ́ ló pàṣẹ kí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tú àbọ̀ ìwádìí òpìtàn lórí ọ̀rọ̀ Windrush síta lóṣù Kẹsàn-án 2024. Ọ̀rọ̀ Windrush ni ti àwọn ará Karibíà tó ti ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́ lọ́nà ẹ̀tọ́, tí ìjọba wá ń ṣe bí arúfin nítorí pé wọn kò ní ìwé ẹ̀rí. Ó dára pé àbọ̀ náà jáde, ṣùgbọ́n a ò ní kí wọn kú iṣẹ́. Láti 2022 ni àwọn oníròyìn ti tú àṣírí ohun tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún fi ọdún méjì jiyàn. Wọ́n ní bí aráàlú bá kà á, wọn lè má fọkàn tán ìjọba mọ́. Ta ló wá ń fọkàn tán ẹni tó ń fi ìwé pamọ́?

Àwọn fúnra wọn ló bẹ òpìtàn níṣẹ́ o! Wendy Williams, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ Windrush fún ìjọba, ti sọ fún wọn ní 2020 pé kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní ìtàn. Òpìtàn náà tú òfin palẹ̀ láti 1950 dé 1981, ó sì rí i pé kò sí òfin ìwọ̀lú tàbí ti ọmọ ìlú kan tí wọn kò torí àtidín àwọn tí awọ wọn kì í ṣe funfun kù ṣe, ó kéré tán lápá kan. Ẹ wo ti 1968. Ìwé ìrìnnà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn wà lọ́wọ́ àwọn ará Éṣíà tó wà ní Kẹ́ńyà. Òfin ní àfi kí wọ́n ní òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ náà gan-an kí wọ́n tó lè wọlé fàlàlà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ilé aṣòfin fi parí rẹ̀.

Ìwé ni òpìtàn ìṣíkiri fi ń ṣiṣẹ́. Bébà pélébé ni káàdì ìwọ̀lú: orúkọ, ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ tí èrò gúnlẹ̀. Iléeṣẹ́ yìí kan náà ló kó o dànù ní 2010. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà ará Karibíà, tí wọ́n ti ń san owó orí láti ìgbà èwe wọn, mú ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n dé wá. Ẹ̀rí wo? Èyí tí ẹ sọ nù ńkọ́?

A ti wí i tẹ́lẹ̀, a tún ń wí i: owó ìlú ló san iṣẹ́ òpìtàn. Kí ọjọ́ tí yóò jáde ti wà nínú àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí mínísítà kankan má sì lè sún un síwájú. Òṣìṣẹ́ tó bá máa pinnu ẹni tó lè dúró nílùú gbọ́dọ̀ ti kà á kó tó di òǹtẹ̀ mú. Àwọn kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti kú kí owó gbà-má-bínú tó dé ọwọ́ wọn.