Títú kápúsù sójú egbò kì í mú egbò jinná

Bí ọmọ bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, tàbí tí sàlẹ́ǹsà ọ̀kadà jó èèyàn lẹ́sẹ̀, kẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ wa ń sá lọ. A ó ra kápúsù ampicillin tàbí tetracycline, a ó tú u, a ó da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò. Wọ́n ní á tètè gbẹ.

Lóòótọ́, á gbẹ. Ohun tó ń tàn wá jẹ gan-an nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń fa omi ojú egbò mu, á wá di èépá, ọyún sì lè máa kóra jọ lábẹ́ rẹ̀. Gbígbé ni wọ́n ṣe kápúsù fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé oògùn náà káàkiri ara. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ara wọn kọ pẹnisílíìnì, ìyẹn ẹbí oògùn tí ampicillin wà nínú rẹ̀: tó bá kan awọ wọn, á máa yún wọn, á sì wú.

Kòkòrò tó sábà ń ba egbò jẹ́, tó tún ń fa eéwo, ni Staphylococcus aureus. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé e kiri nínú ihò imú láìṣàìsàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò yìí ló ti ń ba pẹnisílíìnì àti ampicillin jẹ́ kí oògùn náà tó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, àwọn kòkòrò tí kò lágbára ni kápúsù yín ń pa, àwọn alágídí á sì gba ojú egbò náà fún ara wọn. Nígbà tí methicillin, oògùn tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò lè bà jẹ́, jáde lọ́dún 1959, àwọn dókítà rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 1961, ìròyìn ti jáde ní England nípa èyí tí methicillin kò ràn. Òun ni wọ́n ń pè ní MRSA. Cloxacillin tó wà nínú Ampiclox náà kò ràn án.

Kì í ṣe kápúsù ojú egbò nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ló sì ń jìyà rẹ̀ jù: ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ẹni tí iná jó, alátọ̀gbẹ tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ ló ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn. Àwọn olùwádìí ṣírò pé MRSA pa èèyàn tó lé ní 100,000 lágbàáyé lọ́dún 2019. Ó dùn mí wọra, torí oògùn tí kò wọ́n ni ìbá wo ọ̀pọ̀ wọn sàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ egbò. Irọ́ ni pé omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ bò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tẹ eéwo. Ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Tó bá tóbi, dókítà ni kó là á. Tí egbò bá ń wú sí i, tó ń yọ ọyún, tàbí tí ibà bá dé, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.